Ẹ Má Ṣe Fi Ẹ̀gàn Pa Ìfẹ́ Ọmọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Tí Ń Fi Lífìtì Ṣe Ìran Wò

Àwọn àgbà ni wọ́n sọ pé àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó bá abuké erin pàdé. Ọ̀pọ̀ ohun tí ó ń ba baba lẹ́rù ni ó ti di eré lọ́wọ́ ọmọ. Àwọn ènìyàn kan wà káàkiri ayé, ọmọdé àti àgbà, tí ó jẹ́ pé lífìtì wíwọ̀ nínú ilé gogoro ni fàájì tiwọn. Wọn a gòkè, wọn a sọ̀kalẹ̀, wọn a sì máa fi ẹ̀rọ ya fídíò gbogbo rẹ̀. Wọn kò ní iṣẹ́ kankan ní àjà tí wọ́n ń gùn lọ, wọn kò sì bẹ ẹnikẹ́ni wò níbẹ̀. Lífìtì gan-an ni wọ́n wá wò.

Ọ̀rọ̀ yìí yóò ya ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa lẹ́nu. Ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé tẹ́ rẹrẹ sórí ilẹ̀, agbo ilé fara ti agbo ilé. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ni a fi ń gùn ún. Lífìtì kì í ṣe ohun tí a ń bá pàdé lójoojúmọ́. Bí ọmọ kan ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́ tàbí ní Tákíé bá wá sọ fún baba rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ sí Ìbàdàn, kìkì kí òun lè wọ lífìtì, ìbéèrè tí baba yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, “Ta ni o mọ̀ níbẹ̀?” Bí ọmọ bá dáhùn pé òun kò mọ ẹnìkan, ìyá yóò ní bóyá orí ọmọ òun kò pé. Àwọn ará ilé yóò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi kú sí i nínú. Èrò tèmi ni pé ẹ̀gàn bẹ́ẹ̀ kò tọ́, kò sì bá àṣà wa mu.

Yorùbá kì í kẹ́gàn ìran wíwò. Ọ̀yọ́ lókìkí nínú igbá fínfín. Ta ni ó dúró ti afíngbá níbi tí ọ̀bẹ rẹ̀ ti ń rìn lára igbá, tí ẹnìkan sì pè é ní ọ̀lẹ? A ń wo egúngún onídán, a ń wo onílù tí ń fa awọ, a kì í sì í bi ara wa pé èrè wo ni a rí níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 gba Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin. Kò ya Ọ̀yọ́, kò sì ya Ògbómọ̀ṣọ́. Ará ìlú méjèèjì tí ó bá fẹ́ fi ojú kàn án ní láti rin ìrìn-àjò. Kí ni ó wá burú bí ọmọ ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá rin ìrìn-àjò lọ wo lífìtì?

Ohun tí wọ́n ń wò náà kì í ṣe àpótí lásán. Okùn irin ni ó gbé àpótí náà rọ̀. Okùn yìí gba orí àgbá kẹ̀kẹ́ kan lókè ilé kọjá, ẹrù irin ńlá kan sì so mọ́ ìdí rẹ̀ kejì. Bí àpótí ti ń gòkè ni ẹrù ń sọ̀kalẹ̀, bí àpótí ti ń sọ̀kalẹ̀ ni ẹrù ń gòkè, gẹ́gẹ́ bí apá méjèèjì òṣùwọ̀n. Wọ́n máa ń mú kí ẹrù náà wúwo tó àpótí òfìfo pẹ̀lú nǹkan bí ìdajì èrò tí ó lè gbà, kí agbára tí ẹ̀rọ yóò lò má baà pọ̀ jù. Ní ọdún 1854, ní ìlú New York, Elisha Otis dúró lórí pèpéle kan tí okùn gbé sókè lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì ní kí wọ́n gé okùn náà. Pèpéle kò já lulẹ̀, nítorí pé irin tí ó ṣe sí i di ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rẹ̀ mú gírí. Ní ọdún 1857, lífìtì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò nínú ilé ìtajà kan ní ìlú kan náà. Ẹni tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí yóò fi etí lásán mọ ìró ẹ̀rọ àtijọ́ yàtọ̀ sí ti òde òní, àní kí ó tó wo orúkọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Andrew Reams, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí DieselDucy. Fídíò lífìtì tí ó ń yà ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Ó ti sọ fún ayé pé ọpọlọ òun kò ṣiṣẹ́ bí ti ẹlòmíràn, ohun tí àwọn dókítà ń pè ní autism. Kì í ṣe òun nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn olólùfẹ́ lífìtì. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Àwa náà ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú agbo ilé wa: ọmọ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ẹgbẹ́ ṣeré, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ohun kan ṣoṣo. Ohun tí ó wu ni ní í pọ̀ nínú ọlá ẹni. Bí a bá fi ẹ̀rín pa ohun kan ṣoṣo tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn, kí ni a fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀?

Ibi tí yóò lọ kò tilẹ̀ jìnnà. Láti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 50. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, nǹkan bí 100. Ilé Kòkó wà ní Dùgbẹ̀, alájà 26, tí gíga rẹ̀ tó mítà 105. Owó kòkó àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1965. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ọmọ tí ó lọ wò ó lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa.

Ṣùgbọ́n bí mo ti ń gbèjà ọmọ, n kò ní kí ó fi àṣà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá dé ilé onílé, a kì í kàn já wọlé, a ó ké “Àgò onílé o!”, a ó sì dúró títí wọn yóò fi dá wa lóhùn pé “Àgò yà.” Lífìtì ní onílé. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ṣeré gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn olùṣọ́ ilé náà. Bí wọ́n bá kọ̀, kí ó kí wọn, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Èkejì ni ìkíni. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ààfin nìkan ni ó ń ní kọ̀bì. Ojú ilé ni a ti ń mọ ipò onílé. Nínú lífìtì, kò sí kọ̀bì. Ọ̀gá àti ìránṣẹ́ jọ dúró ní ìfarakanra, gbogbo wọn kọjú sí ilẹ̀kùn, kò sì sí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Àwa tí a ní ìkíni fún ẹni tí ó jókòó, fún ẹni tí ń rìn, fún ẹni tí ń náwó, ṣé a kò mọ “Ẹ kú ìdúró o” mọ́ ni? Kí ọmọ tí ó wọlé kí àwọn tí ó bá níbẹ̀. Bí ó bá sì fẹ́ ya fídíò, kí ó sọ fún wọn, kí ó yí ojú ẹ̀rọ kúrò lára ẹni tí kò bá fẹ́. Ojú ènìyàn kì í ṣe ẹrù ọjà tí a ń pàtẹ.

Ẹ̀kẹta, kí àgbàlagbà, aláboyún àti aláìsàn máa ṣíwájú rẹ̀. Kí ó má ṣe tẹ gbogbo bọ́tìnì, kí ẹni tí ó ní iṣẹ́ má baà dúró pẹ́ ní ìsàlẹ̀. Ilé ìwòsàn kì í ṣe ibi eré rárá.

Àwọn kan yóò ní, “Bí mọ̀nàmọ́ná bá lọ ńkọ́?” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kí ọmọdé má ṣe dá lọ. Bí lífìtì bá dúró ní agbede méjì àjà, kí wọ́n tẹ agogo ìrànwọ́, kí wọ́n sì dúró. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ipá ṣí ilẹ̀kùn. Iná jó Ilé Kòkó ní January 1985. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ níbikíbi, àtẹ̀gùn ni kí a gbà, kì í ṣe lífìtì.

Ewu tí ó wà nínú ẹ̀rọ yìí gan-an ni ó mú kí ojú irú àwọn ọmọ wọ̀nyí wúlò. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù August ọdún 2023, lífìtì já ní ibùgbé àwọn dókítà ti ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọdán, ní Erékùṣù Èkó, ó sì pa ọ̀dọ́bìnrin kan tí ó jẹ́ dókítà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní gbangba pé ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà sùn. Ọ̀pọ̀ wa ń wọ lífìtì láìwo nǹkan kan. Ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ pé ìró rẹ̀ ti yí padà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ń kọ́ni ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ta ni ó mọ̀ bóyá ọmọ tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí ni yóò máa tọ́jú lífìtì tí yóò gbé wa lọ́la?

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ lọ wo lífìtì, ẹ fún un ní owó ọkọ̀, kí ẹ wá ẹni tí yóò bá a lọ, kí ẹ sì rán an létí kí ó ké àgò. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.