Ẹ Jẹ́ Kí Ẹranko Tó Kú Ní Fọ́tò Tirẹ̀
Láti ọwọ́ òǹkọ̀wé wa ní Parakou

Ní àwọn ọdún 1970, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague lọ wo iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Níbẹ̀ ló ti rí i pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò, onífọ́tò á gbé èyí tó kù jókòó, á yà á, á sì tẹ àwòrán náà lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, èyí tó kù á wọ aṣọ tirẹ̀ ya ọ̀kan, á tún wọ aṣọ ìkejì rẹ̀ ya èkejì. Iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni fọ́tò náà ń ṣe.

Àwọn onífọ́tò Yorùbá gbé iṣẹ́ wọn dé Benin, Tógò, Niger àti Burkina Faso. Parakou ní Benin, tí Baatonu, Dendi àti Yorùbá jọ ń gbé, mọ ohun tí fọ́tò ń ṣe nílé ọ̀fọ̀. Àwọn arìnrìn-àjò tó ń lọ sí ọgbà ẹranko Pendjari àti ọgbà W náà máa ń gba ìlú yìí kọjá tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ibí ló yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ gbà pé ẹranko igbó tí àwọn èèyàn mọ̀ lójú yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fi fọ́tò ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kú.

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2014 fi hàn pé bíi 400 kìnnìún ló kù ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà níbi tí ilẹ̀ Benin, Burkina Faso àti Niger ti pàdé, níbi tí Pendjari àti ọgbà W wà. Nígbà tí iye wọn ti wálẹ̀ tó báyìí, kò sí èyí tó kú tó jẹ́ kìnnìún lásán. Wọ́n sì ṣeé dá mọ̀. Àwọn àmì dúdú kéékèèké wà nídìí irun ẹ̀bá ẹnu kìnnìún, bí wọ́n ṣe tò lára ọ̀kan kò jọ ti èkejì. Ẹni tó bá ní fọ́tò tó mọ́lẹ̀ dáadáa lè sọ èyí tó jẹ́.

Lọ́dún 2014 kan náà, àwọn tó ń jí erin pa fi ọfà olóró ta erin kan tó ń jẹ́ Satao ní Tsavo, ní Kenya. Eyín erin yìí gùn débi pé díẹ̀ ló kù kó máa wọ́ nílẹ̀. Wọ́n gé ojú rẹ̀ kí wọ́n lè yọ eyín náà lọ. Nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n dé ibi òkú, kò sí ojú tí wọ́n lè wò mọ́. Etí rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò Satao láàyè, níbi tó ti dúró pẹ̀lú eyín rẹ̀ méjèèjì, ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ káàkiri ayé.

Irú fọ́tò mìíràn wà tí kò yẹ kó ṣojú ẹranko kankan. Ní àgbègbè ọdẹ Porga, Batia àti Konkombri tó yí Pendjari ká, àwọn olówó láti òkèèrè ti sanwó pa kìnnìún rí. Gbogbo ayé mọ fọ́tò tí irú wọn ń yà: ẹran dùbúlẹ̀, wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè, ẹni tó pa á kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ tòun ti ìbọn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọdẹ Yorùbá náà ń pa ẹran, àmọ́ ó ń kì í. Nínú ìjálá, ìrìn erin ni wọ́n ń kì, ìbínú ẹfọ̀n ni wọ́n ń kì. Bí ẹran náà ṣe wà láàyè ni ọdẹ ń pè wá sójú àwùjọ. Ohun tó yẹ kí fọ́tò ọ̀fọ̀ ṣe gan-an nìyẹn.

Ní Ouidah, àwọn tó ń bọ Dangbe, òrìṣà erè, ń sin erè tó bá kú. Ní Bazoulé, ní Burkina Faso, wọ́n ń sìnkú ọ̀nì. Ohun iyì ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìran ẹranko náà ni ọ̀wọ̀ yẹn wà fún. Fọ́tò ló lè mú ẹyọ kan jáde láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ni ti ẹranko nígbà tí èèyàn ń kú. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n pa afinimọ̀nà kan, ọmọ Benin, wọ́n sì jí arìnrìn-àjò ará Faransé méjì tó mú lọ sí Pendjari gbé. Ní oṣù kejì ọdún 2022, bọ́ǹbù pa àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ọgbà W. Òkú èèyàn ló ni omijé àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn afinimọ̀nà àti ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí ló mọ àwọn ẹranko náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ka kìnnìún sí ohun tí kò tó ṣọ̀fọ̀, kí la fẹ́ sọ fún ọmọ ẹ̀ṣọ́ pé bàbá rẹ̀ ń ṣọ́?

Látìgbà ìkọlù wọ̀nyẹn ni àlejò ti dín kù, kámẹ́rà náà sì dín kù. Fóònù àwọn afinimọ̀nà ní Tanguiéta àti Kandi ni púpọ̀ nínú fọ́tò ọjọ́un lè wà, fóònù sì ń bàjẹ́. Kí Yunifásítì Parakou àti àjọ African Parks, tí Pendjari wà níkàáwọ́ rẹ̀ láti 2017 tí apá Benin nínú ọgbà W sì bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ ní 2020, kó wọn jọ, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó yà á sí i. Kí wọ́n má ṣe gbé ti ẹranko tó ṣì wà láàyè síta, torí fóònù lè kọ ibi tí wọ́n ti yà á sínú fọ́tò, àwọn tó ń jí ẹran pa á sì kà á. Bí ẹranko náà bá kú, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tóbi, kí wọ́n kọ ohun tó pa á sí abẹ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọta, májèlé tàbí ọjọ́ ogbó, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà yunifásítì àti ọjà Arzèkè.