Ẹ Yẹ Ilẹ̀ Wa Wò Kí Ẹ Tó Pín Ajílẹ̀ Òyìnbó

Olóòtú,

Ìjọba àti ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ń pín fatiláísà, àpò 15-15-15 kan náà ni wọ́n ń gbé fún onílẹ̀ iyanrìn àti onílẹ̀ amọ̀. Ṣé ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wa ń ro ni?

Ọ̀kan nínú oúnjẹ tó wà nínú àpò yẹn ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Bí kò bá tó, àgbàdo á ràn, ewé rẹ̀ á sì máa pọ́n bí àlùkò. Ẹ wá wò ó, oúnjẹ yìí kì í rìn. Náítírójìn máa ń bá omi lọ sídìí gbòǹgbò, ṣùgbọ́n ní ti èyí, gbòǹgbò ló gbọ́dọ̀ wá a lọ, ohun tó wà ní mìlímítà díẹ̀ sí i nìkan lọwọ́ rẹ̀ sì ń tó. Tó bá jẹ ibẹ̀ tán, àfi kó ta síwájú, tàbí kó dúró de ohun tí ilẹ̀ bá tú sílẹ̀.

Ilẹ̀ wo ló wá ń tú u sílẹ̀? Ilẹ̀ pupa bíi ti Ìtagunmódì, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wa níhìn-ín, irin tó dógùn-ún ló kún inú rẹ̀. Irin yìí a máa di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú bí ahun ṣe ń di owó mú, àgàgà tí ilẹ̀ náà bá kan. Ẹ fọ́n fatiláísà káàkiri orí rẹ̀, ilẹ̀ á ti gbé èyí tó pọ̀ níbẹ̀ pamọ́ kí àgbàdo tó tọ́ ọ wò. Owó yín nìyẹn o! Ilẹ̀ iyanrìn kì í háwọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò ní ìpamọ́, kíá ni gbòǹgbò máa fà á gbẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílẹ̀ pupa, ẹ gbẹ́ ihò kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo, kí ẹ bu fatiláísà síbẹ̀, kó má kan irúgbìn. Ẹ po ìgbẹ́ adìyẹ mọ́ ilẹ̀, kì í jẹ́ kí irin rí gbogbo rẹ̀ gbé. Onílẹ̀ iyanrìn, díẹ̀díẹ̀ ni, lọ́dọọdún.

Ọ̀rọ̀ pé ilẹ̀ wa yàtọ̀ síra kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1962, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tẹ ìwé Smyth àti Montgomery jáde, tó pín ilẹ̀ wa sí oríṣiríṣi, tó sì fi orúkọ ìlú wa bí Ìwó, Oǹdó àti Ìtagunmódì pè wọ́n. Kí ló dé tí wọn kò tẹ̀ lé e? Àwọn kan lè ní ká gbé ilẹ̀ wa lọ sí Ìbàdàn fún àyẹ̀wò. Ta ni yóò san owó ọkọ̀ fún ẹni tó ń ro ìlàjì éékà? Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ibi àyẹ̀wò tirẹ̀, kí wọ́n sì bu ilẹ̀ wa wò kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kí wọ́n tó kó àpò mìíràn wá.

Èmi ni,
Àgbẹ̀ kan,
Iléṣà.