Ọmọ Tí Ó Ní Àtọ̀gbẹ Kì í Ṣe Àbíkú

Ẹ̀yin ọmọ Ìṣẹ̀ṣe nílé lóko, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tí ó ní irú àtọ̀gbẹ kìíní ni mo gbé wá. Ní Òtò níbi tí mo ti ń dífá, àwọn òbí ń gbé e wá síwájú ọpọ́n, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ ní gbangba.

Ẹ jẹ́ kí a ti ara orúkọ bẹ̀rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ẹ̀dá-èdè ni iṣẹ́ mi kejì. À-tọ̀-gbẹ: ohun tí ń mú ni tọ̀ títí ara fi gbẹ. Ẹni tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lajú sílẹ̀ dáadáa, nítorí bí ó ti ń ṣe ọmọ náà nìyẹn: òùngbẹ, ìtọ̀ lemọ́lemọ́, rírù. Orúkọ kejì tí ó gbòde, ìtọ̀ ṣúgà, ni ó kó bá wa. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ọmọ náà jẹ adùn jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú irú kìíní, àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ni ó pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè ínsúlínì run. Ọmọ kò fọwọ́ fà á, ìyá rẹ̀ kò sì fi oúnjẹ fà á.

Láyé àtijọ́, ikú ni òpin rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, di ẹni àkọ́kọ́ tí a fi ínsúlínì tọ́jú. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó ní in lè dàgbà, kí ó bímọ, kí ó sì joyè.

Síbẹ̀, ẹrù náà wúwo lọ́kàn. Ojoojúmọ́ ni abẹ́rẹ́, ojoojúmọ́ ni gígún ìka, kò sí ọjọ́ ìsinmi. Ọmọ a máa sá pamọ́ gún abẹ́rẹ́ nílé ìwé kí wọ́n má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ó bá sú u, ó lè fò ó dá, kí ó sì purọ́ pé òun ti gún un. Ìyá kì í sùn dáadáa, ẹ̀rù ń bà á kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ọmọ má lọ sílẹ̀ lóru.

Bí ó bá sì lọ sílẹ̀, ọmọ á là á lóògùn, á gbọ̀n, á bínú lójijì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dàrú. Àwa a ní aláìgbọràn ni, tàbí pé ẹgbẹ́ ọ̀run ń pè é. Ohun tí ó ń fẹ́ ni omi ṣúgà lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe pàṣán. Bí ó bá ti dákú, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi: kí babaláwo kankan má ṣe ní kí ọmọ fi ínsúlínì sílẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ láìsí i tó láti pa á. Ẹbọ àti ìwúre lè fún ọkàn lókun, wọn kò lè dípò abẹ́rẹ́. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ Ọ̀sanyìn mọ̀ pé oògùn ní ìwọ̀n, ó sì ní àkókò.

Ọmọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu, a kì í sì fi í ṣẹ̀sín, nítorí a mọ ohun tí èèwọ̀ jẹ́. Kí ló dé tí a ó fi ọmọ tí ń wọn oúnjẹ rẹ̀ ṣẹ̀sín? Nígbà ọdún, ẹ jẹ́ kí ó jẹun lásìkò, ẹ má fi oyin tàbí àádùn dandan fún un. Ilé tí kò bá ní iná, ẹ gbé ínsúlínì rẹ̀ sínú ìkòkò amọ̀ tí a fi omi tu, níbi òjìji, kí omi má kàn án. Bí ó bá fò abẹ́rẹ́ dá, ẹ rántí pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó rẹ̀ ẹ́.

LUTH ní Ìdí-Àràbà kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó bá rí ọmọ tí ń tọ̀ ṣáá, tí ó sì ń rù, kí ó mú un lọ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Kí Ifá dá wa lọ́lá, kí Orí àwọn ọmọ wa má gbàbọ̀dè.

Ìṣẹ̀ṣe làgbà. Àṣẹ.