Kí Ẹni Tó Gbowó Pariwo Sọ Pé Òun Gbowó

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 ní Nàìjíríà, ẹni tó bá tẹ #EndSARS lórí fóònù rẹ̀ á ka ohun tí ojú àwọn èèyàn rí. Ọ̀dọ́ kan á kọ ibi tí àwọn SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè, ti dá a dúró, bí wọ́n ṣe tú fóònù rẹ̀ wò, bí wọ́n ṣe wọ́ ọ lọ sídìí ATM pé kó fowó ra ara rẹ̀. Lábẹ́ háṣítáàgì kan náà, ẹlòmíì ń wá lọ́yà fún àwọn tó wà ní àtìmọ́lé, ẹlòmíì ń bẹ̀bẹ̀ fún áńbúláǹsì. Láti ọdún 2017 ni wọ́n ti ń pa igbe yìí; ní ọjọ́ 11 oṣù yẹn, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kéde pé òun tú SARS ká. Wọ́n kéde ẹ̀ka ọlọ́pàá tuntun, SWAT, dípò rẹ̀ ní ọjọ́ 13, àwọn ọ̀dọ́ sì fi #EndSWAT pàdé e.

Ohùn mìíràn náà dìde. Àwọn kan ní #ReformSARS. Ní Àríwá, wọ́n gbé #EndInsecurityNow jáde nítorí àwọn agbébọn tó ń pa wọ́n. N ò rí àìdáa nínú ìyẹn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ká lára ló ń sọ̀rọ̀, ó sì yẹ kí ìlú gbọ́ tọ̀tún tòsì.

Ohùn tí wọ́n fowó rà ló ń bà mí lẹ́rù. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, BBC tú u fó pé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú wa ń sanwó ní kọ̀rọ̀ fún àwọn gbajúmọ̀ orí ayélujára kí wọ́n máa tan irọ́ kálẹ̀ ṣáájú ìdìbò. Ẹ̀rọ tó ń ka háṣítáàgì ò mọ ẹni tó gbowó yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n lù. Iye ẹnu ló ń kà. Bí ẹnu tí wọ́n fowó rà bá pọ̀ tó, ẹ̀rí ẹni tí wọ́n lù á rì sábẹ́ ariwo, kò sì ní sẹ́ni tó máa rí i kà.

Títì pa kọ́ ni oògùn rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa láti oṣù kẹfà 2021 di oṣù kìíní 2022. VPN làwọn èèyàn gbà wọlé, àwọn tó ń tajà níbẹ̀ ló sì jìyà rẹ̀.

Tí rédíò bá ka ìpolówó, olùgbọ́ mọ̀ pé ìpolówó ni. Kí ẹni tó gbowó láti ti háṣítáàgì náà kọ ọ́ sókè ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé òun gbowó, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sanwó. Òfin Ìdìbò 2022 ti pàṣẹ fún ẹgbẹ́ òṣèlú láti fi àkọsílẹ̀ ìnáwó ìdìbò ránṣẹ́ sí àjọ elétò ìdìbò, INEC. Kí owó háṣítáàgì wọ ibẹ̀, kóbọ̀ kan ò gbọdọ̀ yọ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó bá ń fi owó orí wa ṣe irú rẹ̀, kí òun náà gbé iye rẹ̀ síta. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ ṣe é kí ìpolongo ìdìbò tó ń bọ̀ tó gbóná.