Sábó Ilé-Ifẹ̀ àti Ẹ̀kọ́ Ọ̀dọ́ Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Láyé àtijọ́, àwọn tó wà nítòsí nìkan ni omi ẹyin bẹ́ẹ̀ ń ta bá. Lóde òní, orí afẹ́fẹ́ ni ó ti ń bọ́, kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tí yóò ta dé. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí tolùkọ́ tàgbà ronú sí irú ẹ̀kọ́ tí ó tọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ tí a fẹ́ fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé lọ́wọ́.

Iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Ìbàdàn ni tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ọdún 1959. Lónìí, àwọn yunifásítì náà ti ní rédíò tiwọn. Great FM wà lórí 94.5 ní ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Orísun FM, tí í ṣe ti ìjọba ìpínlẹ̀, sì ń sọ̀rọ̀ lórí 89.5. Ọ̀nà ti là fún ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò parí sí yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Sábó ni ó ti le jù.

Sábó ni àdúgbò tí àwọn ará Òkè Ọya tẹ̀dó sí ní Ifẹ̀. Láti inú Sabon Gari, èyí tí ó túmọ̀ sí ìlú tuntun lédè Haúsá, ni orúkọ náà ti wá, bí ó ti rí ní Sábó Ìbàdàn àti ti Ṣàgámù. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, aáwọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹni méjì di ìjà ìgboro láàárín Yorùbá àti Haúsá níbẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ṣọ́ọ̀bù jóná, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kéde òfin kónílé-ó-gbélé. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá kó 20 afurasí jáde ní Àbújá lóṣù kan náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá bèèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ni wọ́n mú. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni ọmọ ogún ọdún tó jókòó sídìí ẹ̀rọ yóò sọ?

Kí ó lọ kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ akéde. Bí akéde bá lu agogo, tí ó ké "Kéré o!", ohun tí ó kọ́kọ́ ń sọ ni ẹni tó rán an. Kì í sọ pé wọ́n ní. Oníròyìn tí kò lè dárúkọ ẹni tó bá a sọ̀rọ̀, tàbí tí kò fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó ń wí, kò ì tí ì ní ìròyìn. Àhesọ ló ní lọ́wọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, akéde kì í yan àdúgbò. Gbogbo ìlú ni ó ń yí ká. Àwọn àgbà sì ti wí pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ tẹnu Yorùbá nìkan, nítorí pé òun kò gbọ́ Haúsá, kò tí ì dé Sábó bí ó tilẹ̀ dúró síbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Kí ó wá ògbufọ̀ tí tọ̀túntòsì fọkàn tán.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ yíyàn. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀, tí a sọ pé "àwọn Haúsá" tàbí "àwọn Yorùbá" ló ṣẹ̀, a ti sọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkan di ti ọ̀kẹ́ àìmọye. Bẹ́ẹ̀ náà ni "àlejò". Ẹni tí wọ́n bí sí Sábó, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀, ṣé àlejò náà ni? Ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ti dájọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ọ̀rọ̀ lè ṣe kò farasin. Ní Rwanda lọ́dún 1994, rédíò RTLM ń pe àwọn Tutsi ní aáyán, ó sì ń ti àwọn apànìyàn lẹ́yìn. Ní ọdún 2003, ilé ẹjọ́ àgbáyé dá méjì nínú àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ lẹ́bi. Nílé níbí pẹ̀lú, ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣàgámù lákòókò Orò, ní oṣù keje ọdún 1999, kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ẹ̀san rẹ̀ fi dé Kánò. Àwọn tó kú ní Kánò kò sí ní Ṣàgámù lóru ọjọ́ náà. Ìròyìn ibẹ̀ ló gba iwájú dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àwọn kan yóò wí pé ìbòmọ́lẹ̀ ni gbogbo èyí, pé òtítọ́ kò ní àbùlà. Wọ́n jàre dé àyè kan. Bí ẹ̀yà méjì bá ń jà, irọ́ ni kí rédíò pè é ní ìjà àwọn ọmọọ̀ta. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí òwe tó ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe náà kò ní kí a má jẹ́ iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí a yí i padà. Ọ̀nà tí a óò gbà jẹ́ ẹ ni ó ń kọ́ni. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ iye ẹni tó kú bí aláṣẹ bá ti kéde rẹ̀. Kí ó sọ ilé tó jó. Kí ó sì fi ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìjà sílẹ̀ títí ẹ̀rí yóò fi dé.

Nítorí náà, kí àwọn olùkọ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ máa rán akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ sí Sábó lọ́jọ́ tí ara ìlú bá rọ̀. Kí wọ́n kí àwọn àgbà ibẹ̀, kí wọ́n ná ọjà, kí wọ́n kọ́ ìkíni Haúsá. Ẹni tí a kò kí rí lọ́jọ́ àlàáfíà kò ní bá wa sọ òótọ́ lọ́jọ́ ìjà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Kí ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mọ èyí tí ó ń yọ, kí ó tó la ẹnu.