Owó Fẹ̀yìntì Sójà Kì Í Ṣe Sàárà

Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé kan, nítòsí Ọ̀wọ̀, ṣubú sí etí odò Kaladan nílẹ̀ Bọ́mà. Ìbọn àwọn ọmọ ogun Japan ti fọ́ egungun itan rẹ̀. Isaac Fadoyebo lorúkọ rẹ̀, sójà ọba Gẹ̀ẹ́sì ni nígbà ogun Hitler. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n sì gbà á fún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú lọ́tùn-ún lósì. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ni wọ́n jọ fara pamọ́ sínú igbó. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, àwọn ará abúlé ló sì ń gbé oúnjẹ wá fún wọn. Nígbà tó yá, àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman gbà wọ́n sílé ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ dájú pé bí àwọn ará Japan bá ká wọn mọ́bẹ̀, òun àti ìyàwó òun àtọmọ òun ni wọn yóò jọ lọ sí i.

Fadoyebo délé lọ́dún 1945. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó bímọ, ó sì ń tiro títí tó fi jáde láyé lọ́dún 2012.

Kò sẹ́gbẹ́ tó rán Shuyiman níṣẹ́. Kò so báàjì mọ́ àyà, kò pe oníròyìn. Ìrẹsì ló bù, ó gbé e tọ ẹni tí kò lè dìde lọ, ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ran sójà lọ́wọ́ lórílẹ̀-èdè yìí fi àgbẹ̀ yẹn ṣe àwòkọ́ṣe.

Lọ́dọọdún, kó tó di ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní, ààrẹ àtàwọn gómìnà a máa so báàjì ìrántí àwọn ológun mọ́ aṣọ, wọn a sì kéde iye tí wọ́n fi ta Nigerian Legion, ẹgbẹ́ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì, lọ́rẹ. Ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970. Kó tó dìgbà náà, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni àwa àtàwọn Gẹ̀ẹ́sì jọ ń ṣe ìrántí yìí. Wọn a kí Jímọ̀ọ̀, wọn a ṣe ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, wọn a fi òdòdó lélẹ̀, wọn a tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló dára, nítorí ìlú tí kò bá rántí òkú rẹ̀ kò níyì.

Ṣùgbọ́n nǹkan méjì, gbèsè àti sàárà, ni wọ́n ń pò pọ̀ lọ́jọ́ náà tí kò yẹ kí wọ́n pò pọ̀. Owó fẹ̀yìntì, owó àjẹmọ́nú àti owó tó tọ́ sí ẹbí ẹni tó kú sójú ogun, gbèsè ni wọ́n. Ẹni tó jẹ gbèsè kì í gba ọpẹ́ fún sísan án. Àwọn bàbá arúgbó tó ti lọ dí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ìṣúná ìjọba àpapọ̀ ní Abuja láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, tí wọ́n jókòó sínú oòrùn pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́, sàárà kọ́ ni wọ́n wá tọrọ. Owó iṣẹ́ wọn ni wọ́n wá gbà. Bí ìjọba bá fi báàjì bo gbèsè mọ́lẹ̀, ó ti sọ ẹni tó yẹ kó máa béèrè ẹ̀tọ́ di alágbe.

Ibo wá ni iṣẹ́ àánú wà? Ibi tí gbèsè kò lè dé ni.

Ẹ wo opó sójà. Bí ọkọ bá kú, ó di dandan kí òun àtàwọn ọmọ kó kúrò ní bárékè láìpẹ́. Inú fáìlì ni ìjọba ti ń wo ẹni tí yóò sanwó fún, orúkọ tí sójà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nígbà tó wọṣẹ́ ló sì wà níbẹ̀. Àpọ́n ni púpọ̀ wọn nígbà náà, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ni wọ́n kọ, wọn kò sì rántí yí i padà lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà á di ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbúra kóòtù àti fọ́tò kéékèèké mẹ́rin sínú ọ̀rá dúdú kan, á há a mọ́ abíyá, á máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n á ní kó lọ tún orúkọ kan kọ, pé lẹ́tà kan dín nínú rẹ̀. Owó mọ́tò á tán kí owó ọkọ tó jáde. Àwọn àna sì ń wò ó bí olè.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, ọkọ̀ òfurufú ológun C-130 já sínú àbàtà ní Èjìgbò, l'Ékòó, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tó gbéra n'Íkẹjà. Àwọn tó bá a lọ lé ní 150, ọ̀gá ológun tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pọ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn. Gbogbo Nàìjíríà sunkún. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn opó wọn ṣì ń sọ fáwọn oníròyìn pé ìlérí tí wọ́n ṣe fáwọn kò tíì ṣẹ tán. Èèyàn pọ̀ níbi ìsìnkú. Ta ló kù ní ọdún kẹwàá, nígbà tí àbíkẹ́yìn fẹ́ wọ iléèwé gíga?

Royal Commonwealth Ex-Services League, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Cape Town lọ́dún 1921, ń ran àwọn arúgbó tó jagun fún ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Lára ohun tí wọ́n ń lé ni kí ẹni náà rí oúnjẹ jẹ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ó lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà: yálà bàbá jẹun lẹ́ẹ̀mejì lónìí, tàbí kò jẹ ẹ́.

L'Óṣòdì, ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1945 nítorí àwọn tó ń ti ogun Hitler bọ̀. Títí dòní ni wọ́n ń kọ́ sójà tó fẹ́ fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀: jíjó irin, iṣẹ́ káfíńtà, aṣọ rírán, adìyẹ sísìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó irin tí kò ní ẹ̀rọ tí yóò fi jó o, kí ni yóò ṣe? Ẹ̀rọ yẹn gan-an ló yẹ kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú rà.

Kò sí ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá tí kò lẹ́gbẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ní London àti Houston ń fowó ránṣẹ́ fún gbọ̀ngàn ìlú àti ààfin. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo opó sójà àti sójà tó fara gbọgbẹ́ nílùú wọn sílẹ̀, àdúgbò kan tẹ̀ lé òmíràn. Kí wọ́n san owó iléèwé ọmọ tààrà fún iléèwé náà. Kí wọ́n wá lọ́yà kan tó jẹ́ ọmọ ìlú, kó bá àwọn opó wo ohun tó wà nínú ọ̀rá dúdú yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì pe ìyá kan fún àyẹ̀wò ìwé rẹ̀, kí ẹnì kan tó mọ̀wé bá a wọkọ̀, kó jókòó tì í títí wọn yóò fi pe orúkọ rẹ̀.