Ẹ̀gúnjẹ Kò Lè Bá Ọmọ Yín Sáré

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó fẹ́ wọ iṣẹ́ sójà ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹnu ọmọdé mi bá fẹ́ gùn jù, ẹ má bínú, ọmọ yín náà ni mí.

Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí? Gbàrà tí wọ́n bá ti kéde pé wọ́n ń gba ọmọ ogun, ì báà jẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ì báà jẹ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, tàbí lọ́dọ̀ àwọn ará wa létí omi ní Àbígí, Ìbíadé àti Ìwopin, ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ta la mọ̀ níbẹ̀?" Ìyá á lọ gba àjọ tó ń dá. Bàbá á ta ẹ̀rọ tó fi ń jẹun. Wọ́n á kó owó fún ẹnìkan tó ní òun mọ ọ̀gá kan l'Ábújá. Ọmọ tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ ṣe gbogbo èyí ńkọ́? Ó wà lórí ẹní, ó ń sùn di aago mẹ́sàn-án àárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín o. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tò wọ́n sórí pápá, tí fèrè dún, tí wọ́n ní kí wọ́n máa sáré, ṣé ọkùnrin Abújá yẹn ló máa bá a sá a ni?

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí: ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù iṣẹ́ sójà. Ẹni tó bá ní kí ẹ san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, ẹ sá fún un. Ohun tí ìkéde àwọn ọdún àìpẹ́ yìí ń béèrè kò farasin. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.68, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 6. Obìnrin gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.65, bí ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínṣì 5. Ọjọ́ orí jẹ́ ọdún 18 sí 22, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ ọwọ́ tó sì ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lè dé ọdún 26. Ẹ̀yin ọ̀gá wẹ́dà, mẹkáníìkì àti káfíńtà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí àwọn ọmọṣẹ́ yín ló kàn. Wọ́n tún ń fẹ́ kí ọmọ yege ó kéré tán nínú iṣẹ́ 4 ní WAEC tàbí NECO, láàárín ìjókòó méjì. Ọmọ tó sì ń ya àwòrán tàtú sára, kó yáa jáwọ́, torí ó lè tìtorí ẹ̀ pàdánù àyè rẹ̀. Bí ìkéde tuntun bá jáde, òun ni kí ẹ tẹ̀lé.

Gíga ń bẹ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìwé ń bẹ lọ́wọ́ tíṣà àti ọmọ. Àmọ́ èémí àti okun, ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ló wà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń já.

Kì í ṣe eré o, ó ń pààyàn. Ní oṣù keje ọdún 2008, nígbà tí iléeṣẹ́ Ìwọlé-wọ̀de àti iléeṣẹ́ Ọgbà Ẹ̀wọ̀n ń gba òṣìṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà, èèyàn 17 ló kú. Ẹlòmíì níbẹ̀, eré sísá ló gbé e ṣubú. Ọmọ tí kò sáré rí láti ìgbà tó ti kúrò nílé-ìwé, tó jí láìjẹun, tó dúró nínú oòrùn láti àárọ̀, tó wá fi gbogbo agbára sáré lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn rẹ̀ kò lè gbà á.

Àwọn bàbá kan á ní, "Nígbà ogun Bìáfírà, ṣebí wọ́n kàn ń kó wọn ni." Òótọ́ ni. Ọmọ ogun ilẹ̀ wa bíi 10,000 nígbà tí ogun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1967 di nǹkan bíi 250,000 nígbà tó parí ní 1970. Ìgbà wàhálà nìyẹn. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń du àyè kan náà, àwọn tí wọ́n bá sì mú, Depot tó wà ní Zaria ń dúró dè wọ́n fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó bá fi màgòmágó dé ibẹ̀ láìní èémí, ojú á já a.

Ẹlòmíì á ní ọmọ òun lágbára, pé pákó ló ń gbé ní ilé ìlagi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ará etí omi á ní ọmọ òun ń wa ọkọ̀ láti kékeré. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Apá wọn á le, títi ara sókè sílẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀, tí wọ́n ń pè ní púṣọ́ọ̀pù, kò ní ni wọ́n lára. Ṣùgbọ́n apá kọ́ ni wọ́n fi ń sáré. Ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn àti ẹsẹ̀ ni, wọ́n sì ní ẹ̀kọ́ tiwọn lọ́tọ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́kọ̀ọ́ náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ọmọ yan ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, bí ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kó sáré fún ìṣẹ́jú kan, kó rìn fún méjì, kó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á fi pé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó máa fi díẹ̀ kún eré, kó máa yọ díẹ̀ nínú ìrìn. Bó bá ń sáré tó ṣì lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó bá tó oṣù méjì, kó lè sáré ogún ìṣẹ́jú láìdúró. Nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé, kó lè sá ọgbọ̀n. Pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé tó péye tó, ìyípo rẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 350. Bó bá yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ó ti kọjá kìlómítà 3 nìyẹn.

Ọjọ́ méjì mìíràn lọ́sẹ̀, kó ṣe púṣọ́ọ̀pù. Bí kò bá lè ṣe é nílẹ̀, kó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ti bẹ́ǹṣì. Kó sinmi lọ́jọ́ méjì tó kù, torí ìgbà ìsinmi ni ara ń lágbára. Bàtà òkirikà tó bá ẹsẹ̀ mu tó fún un, kó má fi sálúbàtà sáré lójú títì. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn, kó máa sáré díẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ti yọ, kí ooru má bàa jẹ́ àjèjì sí i.

Kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ mú un lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn. Ọmọ tó bá jẹ́ SS, kó má dán irú eré yìí wò. Bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS, àwọn náà gbọ́dọ̀ mọ̀. Ní 1987, ìwádìí kan jáde lórí àwọn adúláwọ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà. Nínú 100,000 tó jẹ́ AS, bíi 32 ló kú lójijì láìrí àrùn mìíràn. Nínú iye kan náà tí kì í ṣe AS, bí ẹnìkan péré ni. Ẹ má bẹ̀rù o. Àwọn ológun ibẹ̀ ṣòfin lórí omi mímu, ìsinmi àti ooru. Nígbà tí wọ́n tún wo nǹkan bí 48,000 sójà adúláwọ̀ nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2016, AS kò fi kún ikú mọ́, àmọ́ iṣan ara wọn ṣì ń tètè bàjẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ. AS kò ní kí ọmọ má sáré. Ohun tó ní ni pé kó má fi wàrà-wàrà sá a.

Ẹ jẹ́ kó máa mu omi. Ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja etí omi wa tó o. Paraga kì í fún èèyàn ní èémí, tramadol sì ń bo ìrora mọ́lẹ̀ títí nǹkan á fi bàjẹ́ tán. Bí ẹni tó ń sáré bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ gbé e síbòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí ẹ máa fẹ́ ẹ, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Bí kò bá mọ ara rẹ̀, ẹ má da omi sí i lẹ́nu. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú lẹ́yìn eré, ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin ìyá mi, owó tí ẹ fẹ́ kó fún aláràbàrà yẹn, ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, bàtà àti ẹ̀wà. Ẹ dá èyí tó kù padà sórí àtẹ yín. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ilé náà sì ni èémí ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ sójà kò bá tiẹ̀ bọ́ sí i, ara líle á ṣì jẹ́ tirẹ̀.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ lẹ́tà sí wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.